Nígbà Tí Ọkọ̀ Dísù Bá Kọ̀ Láti Jí Lówùúrọ̀ Ọyẹ́

Bí ọyẹ́ bá ti fìdí múlẹ̀ ní Ogbómọ̀ṣọ́, ilé ìdáná ni a ti kọ́kọ́ ń mọ̀. Epo pupa a dì gbagidi nínú ìgò, àfi kí a gbé e súnmọ́ iná kí ó tó lè dà. Ètè àwọn ọmọ a bẹ́. Omi ìwẹ̀ àárọ̀ a sì di ohun tí wọ́n ń sá fún. Ní àdúgbò Takie tí mo ń gbé, ohùn kan tún wà tí ọyẹ́ máa ń mú wá: ohùn ọkọ̀ dísù àtijọ́ tí a ṣáná sí ní kùtùkùtù, tí ó ń wúkọ́, tí ó ń gbọ̀n, tí ó sì kọ̀ tí kò dáhùn. Ọ̀rọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ nínú oṣù yìí.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan lè máa wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, kí ni ó da olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, ṣé kì í ṣe iṣẹ́ ọkùnrin nìyẹn ni? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ọkọ wa ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tàbí ní Àbújá, tí ó jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ tàbí òpin oṣù ni a ń fojú kàn wọ́n. Àwa ni a ń gbé ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, àwa ni a ń gbé ọjà wálé, àwa náà ni a sì ń dúró ti mẹkáníìkì nígbà tí ọkọ̀ bá bàjẹ́. Owó tí a ń kà lé e lọ́wọ́, owó oúnjẹ àti owó ilé ẹ̀kọ́ ni. Ẹni tí yóò bá ná irú owó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó mọ ohun tí ó ń ná an lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ẹ̀dá tí ọkọ̀ dísù jẹ́, nítorí ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọkọ̀ tí ń lo epo bẹntiróòlù ní plọ́ọ̀gì tí ń ta iná pàràpàrà sí epo kí ó lè gbiná. Ọkọ̀ dísù kò ní irú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó ń fún pọ̀ nínú ikùn ẹ́ńjìnnì, títí yóò fi ku bí ìdá kan nínú 20 àyè tí ó gbà tẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fi pọ́ǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ǹpù náà a máa gbóná. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ ni ó mú un gbóná. Nínú ẹ́ńjìnnì dísù, ooru náà a máa kọjá 500°C, bẹ́ẹ̀ ààrò tí a fi ń yan kéèkì kì í sábà ju 200°C lọ. Bí a bá wá fọ́n epo sínú irú ooru bẹ́ẹ̀, epo náà yóò gbiná fúnra rẹ̀. Ọmọ Jámánì kan tí ń jẹ́ Rudolf Diesel ni ó ronú kan ọgbọ́n yìí. Ní 1892 ni ó tọrọ ìwé àṣẹ lé e lórí, ní 1897 sì ni ẹ̀rọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ yanjú. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe epo náà títí di òní. Ní 1936 ni ilé iṣẹ́ Mercedes-Benz gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ 260 D jáde, tí ó ń lo epo yìí.

Bí èyí bá ṣòro láti fi ojú inú wò, ẹ rántí ẹ̀rọ ìlọta àti ẹ̀rọ ìlọlúbọ́ àdúgbò yín. Púpọ̀ nínú wọn, ẹ́ńjìnnì dísù ni, irú èyí tí a mọ̀ sí Lister. Ọmọkùnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀ yóò fi irin kọ́ ọ, yóò sì máa fi apá yí i. Kì í kánjú. Yóò kọ́kọ́ gbé irin kékeré kan tí ó wà lókè sókè, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè jáde, kí ẹ̀rọ náà sì lè yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìgbà tí ó bá ti ń sáré dáadáa ni yóò ju irin náà sílẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì dáhùn, tù-tù-tù. Bí apá rẹ̀ kò bá ká a láti mú un sáré, kò ní jí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Nítorí náà nǹkan mẹ́rin ni ọkọ̀ dísù ń fẹ́ lówùúrọ̀. Èkíní, kí sítátà yí i kíákíá. Èkejì, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ fún pọ̀ dáadáa láìjò. Ẹ̀kẹta, kí epo dé ibi tí ó yẹ kí ó dé lásìkò. Ẹ̀kẹrin, kí plọ́ọ̀gì ìmúgbóná, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní hítà, kọ́kọ́ mú inú ẹ́ńjìnnì gbóná kí a tó ṣáná sí i. Òtútù a máa fa ọwọ́ nǹkan wọ̀nyí sẹ́yìn. Ó ń dín agbára bátìrì kù. Ó ń mú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ki bí epo pupa inú ìgò wa. Irin tútù sì ń gba ooru mọ́ afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù lọ nìyí: òtútù tiwa kò tó èyí tí ó yẹ kí ó dá ọkọ̀ dúró. Ní Jámánì tí wọ́n ti ń ṣe irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, omi a máa di yìnyín ní ìta nígbà òtútù, ọkọ̀ náà a sì jí bí ara rẹ̀ bá le. Ní Ogbómọ̀ṣọ́, bí ọyẹ́ ti wù kí ó mú tó, omi tí a gbàgbé sínú garawa ní ìta kì í di yìnyín. Bí ọkọ̀ dísù bá wá kọ̀ láti jí ní Takie, kí a má ṣe di gbogbo ẹ̀bi ru ọyẹ́. Ọyẹ́ kọ́ ni ó dá àìsàn náà sílẹ̀. Òun ni ó kàn tú u fó. Ara ọkọ̀ náà ti lè máa ṣe aláìlera láti ìgbà òjò. Ooru ni ó ń bò ó mọ́lẹ̀.

Ohun tí ó mú mi gbé ọ̀rọ̀ yìí lé àyà kì í ṣe nítorí ara mi nìkan. Ọkọ̀ tiwa jẹ́ Mercedes 240 D ti 1983, ogún tí bàbá ọkọ mi fi sílẹ̀. Òun ni mò ń wà lọ sí ẹnu iṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, tí ó tó nǹkan bí 50 kìlómítà sí wa. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ní agboolé, ti gbogbo agboolé ni. Aládùúgbò wa kan ní ọmọbìnrin tí ó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ọ̀tá wọn ni òtútù. Ó wà lára ohun tí ó máa ń fa ìrora egungun tí ń mú ọmọ ké títí ohùn yóò fi há. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kan, kí agogo márùn-ún tó lù, ìyá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn wa. A gbé ọmọ náà sí ẹ̀yìn ọkọ̀, a fi aṣọ ìbora wé e. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ wúkọ́, ó tu èéfín funfun, ó sì dákẹ́. Mo tún un yí, bákan náà ni. Ọlọ́run ló yọ wá tí ọlọ́kadà kan fi ń kọjá ní àkókò náà. Orí ọ̀kadà, nínú ọyẹ́, ni ìyá gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Bowen, tí ó jẹ́ ti àwọn Onítẹ̀bọmi láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1907. Ọmọ náà yè, ó sì ti padà sí ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tútù tí ó tún fẹ́ sí i lára ní ojú ọ̀nà kò kúrò lọ́kàn mi. Òtútù kan náà ni ó dá ọmọ wó, tí ó sì dá ọkọ̀ dúró. Òwúrọ̀ tí a nílò ọkọ̀ jù lọ gan-an ni ó kọ̀.

Mẹkáníìkì wá ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Oòrùn ti ràn, ara bọ́nẹ́ẹ̀tì ti gbóná. Ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ jí. Ó ní pọ́ǹpù epo ni ó ti gbó, kí a lọ wá tòkunbọ̀ mìíràn, ó sì dárúkọ owó tí ó ju owó oṣù mi lọ. N kò bá a jà. Mo rí i pé àìsàn òwúrọ̀ ni ó ń ṣe ọkọ̀ wa, ọ̀sán sì ni oníṣègùn wá wò ó. Bí ara ọmọ bá gbóná lóru tí ó sì balẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ṣé ìyá kọ́ ni dókítà ń bi léèrè? Ẹni tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ náà ń ṣàìsàn, èmi ni. Èmi ni ẹlẹ́rìí.

Mo mú ìwé kékeré kan, irú èyí tí a ń kọ owó ọjà sí, mo sì fi í sínú ọkọ̀. Fún ọjọ́ 7 ni mo ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ kí n tó jáde nílé: aago tí mo ṣáná, iye ìgbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́, bí sítátà ṣe dún, àwọ̀ èéfín, bí ọkọ̀ ṣe ń ṣe lẹ́yìn tí ó jí. Mo tún ń kọ bí ó ṣe jí ní ọ̀sán nígbà tí mo bá ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀. Ìbéèrè tó ṣáájú nìyẹn: ṣé òwúrọ̀ nìkan ni ó ń kọ̀ ni, tàbí tọ̀sán-tòru? Èyí tí ó bá ń kọ̀ nígbà gbogbo, ọ̀ràn rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa yìí. Ẹ jẹ́ kí n to àwọn àmì náà fún yín bí mo ṣe kọ́ wọn lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ àti nínú ìwé.

Etí ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Bí sítátà bá ń fà tìrònútìrònú, tí iná ọkọ̀ ń ṣú bí a ti ń yí kọ́kọ́rọ́, ẹ má tíì dá owó lé ẹ́ńjìnnì. Bátìrì ni kí ẹ wò. Ẹ wo orí rẹ̀ bóyá ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé ti hù sí ìdí wáyà. Nígbà mìíràn kí a tú wáyà náà, kí a fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí a nù ún gbẹ, kí a sì dì í le padà ti tó. Ẹ wo wáyà tí ó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ pẹ̀lú. Kí ẹ sì béèrè irú bátìrì tí wọ́n fi sí i, nítorí bátìrì kékeré tí ó tó ọkọ̀ bẹntiróòlù kì í tó ọkọ̀ dísù. Iṣẹ́ fífún afẹ́fẹ́ pọ̀ wúwo, plọ́ọ̀gì ìmúgbóná sì ti kọ́kọ́ mu nínú agbára bátìrì kí sítátà tó bẹ̀rẹ̀.

Bí sítátà bá ń yí kíákíá ńkọ́, tí ọkọ̀ kò sì jí? Ojú ló kù kí ẹ lò. Ẹ ní kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn ọkọ̀ kí ó wo ẹnu sàléńsà. Bí èéfín kankan kò bá jáde rárá, epo kò dé inú ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé rọ́bà tí epo ń gbà kọjá ti sán, tí afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé, tí epo sì ń padà sínú táǹkì lóru. Ó lè jẹ́ fílítà ni ó dí. Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ mìíràn, pọ́ǹpù ọwọ́ kékeré kan wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà díẹ̀ lówùúrọ̀, tí ọkọ̀ sì jí lẹ́yìn náà, a ti mọ̀ pé ojú ọ̀nà epo ni kí a wá, kì í ṣe inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ tún lè ní kí mẹkáníìkì da epo ìsàlẹ̀ fílítà sínú ìgò funfun kan, kí ẹ gbé e kalẹ̀ díẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òróró àti omi ṣe ń ya ara wọn nínú ìkòkò ọbẹ̀, omi yóò wà nísàlẹ̀, dísù yóò sì wà lókè. Bí omi bá wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń ta epo fún yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Bí èéfín funfun bá wá ń jáde gùdùgùdù tí ọkọ̀ kò sì jí, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn àgbà ní kò sí èéfín láìsí iná, ṣùgbọ́n èéfín dísù ta ko òwe yìí. Èéfín funfun ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣáná jẹ́ epo tí ó dé ibi tí ó yẹ kí ó dé, tí kò rí ooru tí yóò mú un jó. Pọ́ǹpù ti gbé epo wá. Ooru ni kò sí. Nítorí náà plọ́ọ̀gì ìmúgbóná ni kí a kọ́kọ́ wò. Bí ọ̀kan tàbí méjì nínú wọn bá ti kú, ọkọ̀ lè jí tán kí ó máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, kí ó sì máa tu èéfín funfun fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà kí ara rẹ̀ balẹ̀. Rewáyà lè yẹ̀ wọ́n wò láìtú wọn jáde: yóò yọ wáyà orí wọn, yóò so wáyà gílóòbù ìyẹ̀wò kan mọ́ orí rere bátìrì, yóò sì fi ẹnu rẹ̀ kan orí plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí gílóòbù bá tàn fún kò tíì já nínú. Èyí tí kò bá tàn fún ti kú. Bí gbogbo wọn bá yè, kí ó wò ó bóyá iná ń dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, nítorí fíúsì wọn lè ti jó.

Bí plọ́ọ̀gì bá dára, tí iná ń dé ibẹ̀, tí èéfín funfun kò sì dáwọ́ dúró, ìgbà yẹn ni kí ọkàn yín tó lọ sí inú ẹ́ńjìnnì, pé afẹ́fẹ́ ń jò níbi tí ó ti yẹ kí ó fún pọ̀. Àmì rẹ̀ mìíràn ni kí ọkọ̀ máa jẹ ọ́ìlì, kí èéfín sì máa tú jáde níbi tí a ń da ọ́ìlì sí. Èéfín tí ó bá ní àwọ̀ bíi ti aró, ọ́ìlì ni ó ń jó níbẹ̀. Bí omi radiétọ̀ bá ń dín kù láìsí ibi tí ó ti ń jò, ẹ tètè wí, nítorí omi lè máa wọ inú ẹ́ńjìnnì. Èéfín dúdú sì sábà máa ń wí pé afẹ́fẹ́ kò tó epo. Eruku ọyẹ́ a máa dí fílítà afẹ́fẹ́ bí ó ṣe ń dí ihò imú wa.

Nínú ìwé tiwa, bákan náà ni ọjọ́ 7 náà rí: sítátà ń yí kíákíá, èéfín funfun ń jáde, ọkọ̀ ń gbọ̀n fún bí ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn tí ó bá jí, kò sì sí wàhálà kankan ní ọ̀sán. Mo ka ìwé náà sí mẹkáníìkì létí. Ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù kò tún jáde lẹ́nu rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó lọ pe rewáyà. Méjì nínú plọ́ọ̀gì ìmúgbóná mẹ́rin ti kú. A pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, owó rẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú 10 owó pọ́ǹpù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀kan ni mo yí kọ́kọ́rọ́. N kò sọ èyí láti fi mẹkáníìkì ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí ó rí ni ó fi ṣe ìdájọ́. Nígbà tí ó gbọ́ ẹ̀rí, ó ṣe ìdájọ́ mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ nípa ohun díẹ̀ kí n tó dákẹ́, nítorí ẹ̀mí ju ọkọ̀ lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́n oògùn amọ́kọ̀jí inú agolo, tàbí kí ó da bẹntiróòlù, sí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì dísù tí ó ní plọ́ọ̀gì ìmúgbóná. Ó lè bú gbàmù sí i lójú, ó sì lè fọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣe fi ìwé tí a tanná sí mú un gbóná. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ máa ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì tí a tì, tàbí lẹ́bàá fèrèsé yàrá tí ọmọ ń sùn sí. Olóró ni èéfín rẹ̀. Ẹ má ṣe di kọ́kọ́rọ́ mú ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ lẹ́ẹ̀kan; ẹ jẹ́ kí sítátà sinmi kí ẹ tó tún un yí. Ẹ má ṣe gbé iná súnmọ́ bátìrì, nítorí atẹ́gùn inú rẹ̀ lè gbiná. Bí omi bátìrì bá sì ta sí yín lára, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án lójú ẹsẹ̀. Ní ti ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ yọjú sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ tú gèlè àti ìborùn, ẹ sán ìró yín le dáadáa. Bẹ́líìtì fáànù kò mọ aṣọ olówó iyebíye yàtọ̀ sí àkísà.

Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró tí ọyẹ́ kò tíì dé, ni kí ẹ ní kí wọ́n yẹ plọ́ọ̀gì ìmúgbóná wò, kí wọ́n fọ orí bátìrì, kí wọ́n sì da omi ìdí fílítà nù. Bí ọkọ̀ bá tún ń kọ̀ lẹ́yìn èyí, ẹ mú ìwé kékeré yín, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí owó rẹ̀ kéré jù kí ẹ tó dé ibi tí ó pọ̀ jù.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a gbọ́ ìpè òru. Ṣùgbọ́n bí abiyamọ kan bá kan ilẹ̀kùn yín ní kùtùkùtù ọyẹ́, kí ọkọ̀ yín dáhùn ní ìpè àkọ́kọ́.